Ìyìn Tó Dá Bàbá Mi Lẹ́bi

Hagley Royd, nítòsí Barnsley
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejì, ọdún 2018

Leanne ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà lọ́hùn-ún? Ṣé oòrùn ṣì ń mú ní Timaru, ṣé àwọn ọmọ iléèwé tí o ń fi bọ́ọ̀sì gbé kò tíì sọ ọ́ di wèrè? Níbí, yìnyín ti bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ológbò Doreen ará ilé kejì sì ti kọ̀, kò jáde mọ́. Ara mi kò burú jù. Ìyá rẹ náà wà ní ilé ìtọ́jú, wọ́n gé irun rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá dà bí ìyàwó tuntun. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú un, mi ò rí i kó dáa tó báyìí.

O ní kí n sọ bí ẹjọ́ owó tí ìjọba ń san fún aláìlera ṣe lọ. Ó lọ bó ṣe lọ. Àwọn mẹ́ta ló jókòó síwájú mi, adájọ́ kan, dókítà kan, àti ọkùnrin kan tí wọ́n ní ó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọ́n bu omi fún mi. Wọ́n ka lẹ́tà tí o kọ sí wọn síta láti òkè délẹ̀. "Bàbá mi kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Kò sí iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ." Leanne, mi ò mọ̀ pé o mọ ìwé kọ báyẹn. Gbogbo ara mi ló yá. O ṣeun, ọmọ mi.

Ní ti ọkọ̀ tó bá owó náà wá nítorí ẹsẹ̀ mi, mo ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì pọ̀ níbí, ó sì yẹ kí èèyàn máa na ẹsẹ̀. Má fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi. Ṣáà máa jẹun dáadáa.

Èmi bàbá rẹ,
Cliff


Timaru, New Zealand
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kejì

Bàbá mi,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́, mo sì ń bínú sí yín. Ẹ gba méjèèjì papọ̀.

Àǹtí Doreen pè mí lórí fóònù. Kò fẹ́ pè, ó ní ẹ ti mú òun búra. Ṣùgbọ́n ó ní òun rí yín lórí ògiri kúkúrú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Bọ́ọ̀sì ń lọ, bọ́ọ̀sì ń bọ̀, ẹ ò dìde. Nígbà tó bi yín pé kí lẹ ń ṣe níbẹ̀, ẹ ní ẹ ń wo ẹyẹ. Ẹyẹ wo, Bàbá? Nínú yìnyín!

Ó ní láti oṣù Kẹwàá, nígbà tí ìjọba dá owó yín dúró, ni wọ́n ti wá gbé ọkọ̀ yẹn lọ. Láti oṣù Kẹwàá! Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí mo bá ti béèrè Mọ́mì lọ́wọ́ yín, ohun tí ẹ ń sọ ni pé "Ó ń kí ọ." Àṣé ìgbà tí Àǹtí Doreen bá ráyè gbé yín lọ lọ́jọ́ Àìkú nìkan lẹ ń rí i. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí ọ̀sán kan kọjá kí ẹ má jókòó tì í! Bọ́ọ̀sì méjì ni èèyàn ń wọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ ò sì lè gun ẹyọ kan.

Ẹ pàdánù ẹjọ́ yẹn, àbí ẹ ò pàdánù ẹ̀? Ẹ sọ ọ́ síta. Ṣé lẹ́tà mi kò ṣe nǹkan kan fún yín rárá ni? Mo kọ ọ́, mo ya á, mo tún un kọ. Gbogbo ohun tó dáa nípa yín ni mo kó síbẹ̀.

Àǹtí Doreen ní èèyàn lè ní kí àwọn adájọ́ kọ ìdí tí wọ́n fi dájọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kó sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ òkè, ṣùgbọ́n oṣù kan péré ni wọ́n fún èèyàn láti béèrè. Ẹ jẹ́ kó mú yín lọ bá Miss Nuttall tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbọ̀ngàn àwọn awakùsà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe agídí.

Ọmọ yín tí inú ń bí,
Leanne


Hagley Royd
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kejì

Leanne,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ìyá mi tó ti kú lo fi ìbínú yẹn jọ. Doreen ní tiẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò ní ìdérí.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo pàdánù. Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn báyìí?

Jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n má tún sọ ọ́ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Doreen wá bá mi de bọ́tìnnì, ó bá mi so táì, ó dan bàtà mi títí ó fi ń kọ mànà. Súùtù tí mo wọ̀ sin bàbá mi ni mo wọ̀. Ní ìdílé wa, ẹnikẹ́ni kì í wọ aṣọ jákujàku dúró síwájú adájọ́. Adájọ́ ní, "Báwo lara yín láàárọ̀ yìí, Ọ̀gbẹ́ni Oldroyd?" Mo ní, "Kò burú jù, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin náà ńkọ́?" Dókítà ní, "Ṣé ẹ lè dá wẹ̀?" Mo ní, "À ń gbìyànjú." Ó ní, "Aṣọ ńkọ́, ṣé ẹ lè dá a wọ̀?" Mo wo ara mi, mo ní, "Ẹ ṣáà ń wò mí."

Ìgbà náà ni wọ́n ka lẹ́tà rẹ. Pé mi ò bẹ ẹnikẹ́ni rí. Pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ gbogbo ebè ọgbà rẹ ní Timaru, tí mi ò sì sinmi. Adájọ́ gbójú sókè, ó ní, "Ṣé bí ọmọ yín ṣe sọ ọ́ náà ló rí?" Kí ni kí n sọ, Leanne? Kí n dúró níwájú àwọn àjèjì mẹ́ta kí n ní ọmọ mi purọ́? Mo ní, "Ọmọ mi kì í purọ́, sà."

Wọ́n ní kí n lọ sílé. Nígbà tó yá, wọ́n kọ̀wé pé kò ṣe mí tó bí mo ṣe sọ.

Ní alẹ́ Sátidé, mo lọ sí kíláàbù. Bí mo ṣe wọlé báyìí, Ron Battye lu tábìlì. "Ẹ yà fún un! Cliff ti rí ìwòsàn gbà! Ilé ẹjọ́ ti gbàdúrà fún un! Ó yá, jó fún wa kí a rí i!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fi bíà mi sílẹ̀ ní ìdajì, mi ò sì tíì padà síbẹ̀. Ìwọ náà mọ ìlú yìí. Bí ilé ẹjọ́ bá ní kò ṣe ọ́ tó bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé olè ni ọ́, owó àwọn aláìsàn lo fẹ́ jí. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi wa èédú lábẹ́ ilẹ̀, ẹnì kan kò pè mí lólè rí.

Doreen mú mi lọ bá Miss Nuttall, ó ní kí n fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi ń béèrè ìdí ìdájọ́. Mo fọwọ́ sí i kí ó lè jẹ́ kí n sinmi ni. Má kọ̀wé nípa ọ̀rọ̀ yìí sí mi mọ́.

Bàbá rẹ


Timaru
Ọjọ́ keje, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín, kí àwọn ọmọ tó jáde níléèwé. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra, mo fi orí lé ọwọ́ ọkọ̀. Ojú tì mí, Bàbá. Ojú tì mí gan-an.

Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn ni. Nílé wa, bí ẹnì kan bá fẹ́ lọ síwájú adájọ́, ohun rere là ń kọ nípa rẹ̀. Nígbà tí ọmọ Ron fọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ̀wé pé ọmọ gidi ni, ó mọṣẹ́, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu? Wọ́n sì dá a sílẹ̀. Ni mo bá jókòó, mo kọ tiyín bẹ́ẹ̀. Mo ń yìn yín fún àwọn tó fẹ́ mọ ibi tó ń dùn yín. Ọgbà tí mo kọ nípa rẹ̀, ọdún 2009 lẹ bá mi ro ó, nígbà tí ẹ wá kí wa. Mi ò kọ ọdún náà sílẹ̀. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

Èyí tó tún wá burú jù ni pé ohun tí mo mọ̀ ni mo kọ. Mi ò mọ nǹkan kan. Mi ò mọ bí ẹ ṣe ń dìde láàárọ̀. Mi ò mọ ẹni tó ń bá yín wọ ìbọ̀sẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ń lọ, ọjọ́ Àìkú ń bọ̀, òjò àti bọ́ọ̀lù Barnsley là ń sọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sí mi. Bó ṣe rí gan-an, láìfi nǹkan kan bò. Ẹ má sọ ọ́ lórí fóònù tí kò bá wù yín.

Leanne


Timaru
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Mi ò rí èsì gbà.

Lọ́jọ́ Àìkú ẹ bá mi sọ̀rọ̀ òjò títí owó fóònù fi tán. Nígbà tí mo ní, "Bàbá, ìwé tí mo kọ," ẹ ní ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Ẹnì kankan ò kan ilẹ̀kùn. Mo bi Àǹtí Doreen.

Ó ní ìdí ìdájọ́ ti dé, pé ẹ tì í sẹ́yìn aago láìtú u. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í ránṣẹ́ ni oṣù kan mìíràn láti gbé e lọ sókè ti ń sáré, bó bá sì pé, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Miss Nuttall ti kàn sí ilé yín, ẹ ní ẹ ń sùn.

Mi ò bá yín jà. Mo kàn fẹ́ bi yín léèrè: Mọ́mì tó jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́ tó ń wo ilẹ̀kùn, kí la máa sọ fún un? Pé agídí ni? Kò lè rìn wá bá yín, ẹ ò lè rìn lọ bá a. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ kú sínú súùtù yẹn, ẹ sọ fún mi, kí n má tún dààmú mọ́.

Ẹ dárí jì mí fún gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Mi ò ní pa á rẹ́ ṣá o.

Leanne


Hagley Royd
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹrin

Leanne ọmọ mi,

Mo kí ọ. Má wo bí ìwé yìí ṣe rí wúruwùru, ọwọ́ mi kò di bírò mú pẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi kọ ọ́.

Mo tú ìwé yẹn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo múra dáadáa, pé táì mi so dáadáa, pé ọmọ mi tó mọ̀ mí dáadáa ní mo ń ro ọgbà, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Mo gbé e lọ bá Miss Nuttall. Ó kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Oldroyd, ta ló so táì yìí?"

"Doreen ni."

"Ṣé wọ́n bi yín?"

"Rárá o."

"Ọgbà yìí ńkọ́, ṣé wọ́n bi yín pé ọdún wo lẹ ro ó?"

"Wọn ò bi mí."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Wọn ò ṣáà bi mí."

Obìnrin yẹn wò mí bí ẹni pé kó gbá mi létí. Ó wá ṣàlàyé pé ilé ẹjọ́ òkè kò ní wádìí bóyá ara mi le tàbí kò le. Wọ́n kàn máa wò ó bóyá àwọn mẹ́ta yẹn ṣe iṣẹ́ wọn bí òfin ṣe ní kí wọ́n ṣe é. Bí wọ́n bá fẹ́ fi táì àti ọgbà dá mi lẹ́bi, ó yẹ kí wọ́n bi mí nípa wọn, kí n lè fèsì. Wọn ò bi mí. Ibẹ̀ la gbé ẹsẹ̀ lé. A ti fi ìwé náà ránṣẹ́ kí àkókò tó kọjá.

Ṣùgbọ́n ó ní bí a bá borí lókè, wọ́n máa dá mi padà sọ́dọ̀ àwọn mẹ́ta mìíràn, ìgbà náà ni màá fi ẹnu ara mi sọ ohun gbogbo. Ó ní kí n sọ ọ́ fún òun ná, ká fi kọ́ra. Ọmọdébìnrin tó lè máà tíì tó ọ lọ́jọ́ orí! Mo jókòó, mo ń wo ilẹ̀. Ó jẹ́ kí n máa lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sí ọ. Bí mo bá lè sọ ọ́ fún ọ, mo lè sọ ọ́ fún wọn. Má ka èyí níbi tí èèyàn wà.

Ẹ̀rọ tí mo fi ń lu òkúta nísàlẹ̀ ilẹ̀ ti pa ọwọ́ mi. Bí òtútù bá mú, ìka mi a funfun, mi ò ní mọ̀ bí mo bá di nǹkan mú tàbí mi ò dì í. Mi ò lè de bọ́tìnnì ṣòkòtò, mi ò sì lè tú u. Ẹ̀yìn mi kò jẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn mọ́, orí àga ní pálọ̀ ni mò ń sùn. Òkè ni balùwẹ̀ wà, òkè náà ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Korobá kan ni mò ń lò ní kíṣìnì. Doreen ló ń bá mi dà á. Ó máa ń kọrin nígbà tó bá gbé e kọjá níwájú mi, kí n má baà ní láti bá a sọ̀rọ̀. Mi ò wọ inú omi wẹ̀ láti ìgbà Kérésì tó kọjá. Ibi tí ọwọ́ mi bá dé ni mò ń nù.

Ọjọ́ tí Doreen rí mi lórí ògiri, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan. Bọ́tìnnì kò tú. Mo ti tọ̀ sára. Mò ń dúró kí ilẹ̀ ṣú kí n tó dìde.

Ó tán. Kọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí. Má pè mí lọ́jọ́ Àìkú tó bá tẹ̀ lé ìgbà tí o ka èyí.

Bàbá rẹ


Timaru
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Mi ò pè yín, ẹ rí i pé mo gbọ́ràn. Inú bọ́ọ̀sì náà ni mo ti kà á. Mo sunkún títí ọmọ kan tó kọ́kọ́ dé fi fún mi ní áńkáṣíìfù.

Mo ti kọ òmíràn, òun ni mo fi sínú èyí. Mo gbìyànjú kí ìyìn má sí níbẹ̀. Ohun tí ẹ sọ ni mo kọ, mo kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi, mo sì kọ ọ́ pé èmi ni mo ṣi ìwé kọ nígbà àkọ́kọ́, àti ọdún tí ẹ ro ọgbà. Ohun tí ẹ ò bá lè gbà, ẹ fa igi lé e.

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí Doreen. Ẹ má sọ ohun tí mò ń torí ẹ̀ dúpẹ́.

Ọmọ yín,
Leanne


Hagley Royd
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kọkànlá

Leanne,

Ṣé ara le? Òtútù ti tún dé. Ìwé wa kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó dájọ́ fúnra wọn, wọ́n kọ̀ ọ́. Miss Nuttall gbé e kọjá wọn lọ sókè. Àwọn ará òkè ti wọ́gi lé ìdájọ́ yẹn báyìí, wọ́n ní kí àwọn mẹ́ta mìíràn gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Doreen ń jó ní kíṣìnì. Mo ní kó má jó, a ò tíì borí, wọ́n kàn ní ká tún wá tẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i ni.

Mi ò fa igi lé nǹkan kan nínú ìwé rẹ, àfi ibi tí o ti kọ "bàbá mi alágbára." Miss Nuttall ní kí ó kúrò níbẹ̀. Ó ní a ti rí ohun tí ìyẹn ṣe.

Ẹ̀rù ń bà mí, Leanne. Mo ti wọ inú ihò tí òkè rẹ̀ ń ya lulẹ̀, ẹ̀rù kò bà mí báyìí.

Bàbá rẹ


Hagley Royd
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kejì, ọdún 2019

Leanne ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé Doreen ti pè ọ́. A borí.

Mi ò wọ súùtù. Aṣọ òtútù tí mo máa ń sùn nínú rẹ̀ ni mo wọ̀ lọ. Obìnrin ni adájọ́. Ó bi mí léèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí n tó jókòó dáadáa. Mo ní kí wọ́n ka ohun tí ọmọ mi kọ. Wọ́n kà á síta, títí kan korobá, títí kan ògiri. Etí mi gbóná bí iná. Nígbà tí adájọ́ kà á tán, kò sáré. Ó bi mí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi náà dá a lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo jáde, Doreen ní, "Ó dáa?" Mi ò lè wojú rẹ̀. Títí di òní mi ò tíì lè wojú ẹnikẹ́ni dáadáa. Mo borí, ojú ṣì ń tì mí. Kí o mọ̀ pé ìkan kò lé ìkejì lọ.

Ọkọ̀ dé lọ́jọ́bọ̀. Mo wà á lọ bá ìyá rẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èmi nìkan. Nígbà tó rí mi lọ́jọ́ tí kì í ṣe Àìkú, ó ń wo ẹ̀yìn mi, ó ń wá Doreen. Mo ní, "Èmi nìkan ni. Màá tún wá lọ́la." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ohun tí mo sọ fún ọ àti èyí tí mo sọ fún wọn. Òun náà kò mọ̀.

Bí a ṣe jókòó, àwọn olùtọ́jú méjì wọlé wá pààrọ̀ aṣọ ìdí rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀, bí wọ́n bá ti wọlé báyìí, ńṣe ni mo máa ń bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí wọ́n á fi ṣe tán. Mo rò pé bí mo ṣe ń bọ̀wọ̀ fún un nìyẹn. Mi ò bi í rí. Mo ti mú ọ̀pá mi, mo ti dìde, kí n tó yíjú padà.

Mo ní, "Maureen, ṣé kí n jáde, àbí kí n dúró?"

O mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn olùtọ́jú dúró, èmi náà dúró.

Ó ní, "Dúró, Cliff. Ojú máa ń tì mí."

Mo jókòó padà, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi ṣe tán.

Bàbá rẹ